Àjẹ́ Ké Lánàá: Ìdí Tí Oògùn Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù Kì Í Fi Í Bá Ara Àwọn Kan Mu

Ní Vom, lórí òkè Jos, níbi tí òtútù ti ń mú, tí koríko tútù sì ń pe màlúù ránṣẹ́, ni ìjọba amúnisìn dá ilé ìwádìí àìsàn ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ sí ní 1924, èyí tí a mọ̀ sí NVRI lónìí. Ilẹ̀ màlúù ni, ilẹ̀ wàrà ni. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2001 lórí àwọn Fúlàní darandaran ìhà Àríwá fi hàn pé nǹkan bí ìdajì agbára tí oúnjẹ ń fún wọn, láti inú ọ̀rá ló ti ń wá, síbẹ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọ̀rá kan, kò ga nínú ẹ̀jẹ̀ wọn; àwọn olùwádìí sì gbà pé ìrìn lẹ́yìn ẹran àti àìjẹ-àjẹjù ló ṣeé ṣe kó fà á. Ìka kò dọ́gba: bí ọ̀rá kò ti hùwà kan náà nínú gbogbo ara, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí a fi ń lé e.

Statin ni àwọn dókítà ń pe ìdílé oògùn náà. Akira Endo, ọmọ Japan, ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní 1973, lára ohun tí ń hù lórí oúnjẹ tó bu. Ní 1987 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ fún títà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara. Statin a dín iṣẹ́ yìí kù, ẹ̀dọ̀ a sì máa fa èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n àwọn kan a lò ó, itan a máa ro wọ́n, èjìká a wúwo. Ní 2008 ni a rí i pé nínú àwọn kan, jíìnì SLCO1B1, tí ń ṣètò aláàárù tí ń ru oògùn wọ ẹ̀dọ̀, yàtọ̀. Oògùn a wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, a sì dé ibi tí a kò rán an. Àyídà yìí ṣọ̀wọ́n láàrin àwa aláwọ̀dúdú ju láàrin òyìnbó lọ. Ọjọ́ orí, ìwọ̀n oògùn tó ga, àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn, àti àwọn oògùn mìíràn bíi clarithromycin, tí kì í jẹ́ kí ara tètè tú àwọn statin kan ká, tún lè dá kún ìrora yìí.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ní ti statin, ó yẹ kí á tún ẹjọ́ yìí gbọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ìrora tó tẹ̀lé oògùn ni oògùn fà. Ní London, àwọn olùwádìí Imperial College fún àwọn 60 tó ti sá fún statin ní ìgò 12 fún oṣù 12: oògùn wà nínú 4, hóró tí kò ní oògùn nínú wà nínú 4, 4 yòókù sì ṣófo. Àbájáde rẹ̀, tó jáde ní 2020, fi hàn pé bí a bá pín ìnira tó bá oògùn wá sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni hóró lásán náà mú wá. Àwọn aláìsàn náà kò parọ́. Ìrora náà dùn wọ́n dénú egungun, ìfòyà ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n rí èsì ara wọn, 30 nínú wọn padà sídìí oògùn.

Nítorí náà, ẹ má fúnra yín da hóró oògùn nù. Dókítà lè dín in kù, kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó fún yín ní oògùn mìíràn bíi ezetimibe. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá ń ro yín gidigidi, tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ má dúró di ọ̀la kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.