Ṣé O Mọ̀ Pé Etíkun Wa Ni Wọ́n Ti Ja Ogun Ọmọ Ogun Onígi?

Ṣé o mọ̀? Òkun Guinea tó ń fọ yanrìn Avépozo nì, níbí ní ìlà-oòrùn Lomé, àwọn ọmọdé mẹ́rin kan ti sọ etí rẹ̀ di pápá ogun láti 1826. Haworth ni wọ́n ń gbé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò dé ibí rí o!

Ta ni wọ́n? Charlotte, Branwell, Emily àti Anne Brontë. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn òǹkọ̀wé yẹn gan-an! Ọmọ ọdún 10 ni Charlotte. Anne? Ọdún 6 péré.

Ọmọ ogun wọn ò ju 12 lọ, igi ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Bàbá wọn ló rà wọ́n ní Leeds fún Branwell. Charlotte sọ tirẹ̀ ní Wellington. Branwell sọ tirẹ̀ ní Bonaparte, ọ̀tá Wellington! Ṣé o rí i pé ìjà ti dé?

Gbọ́ ná. Nínú eré wọn, àwọn 12 yìí wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ Guinea, wọ́n bá àwọn Àṣáǹtí jà, wọ́n tẹ Glass Town dó. Eré náà kì í parí. Ìjà àná ló ń bí tòní, ìlú kan di ìjọba púpọ̀.

Ẹni tó bá kú ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ti sọ ara wọn di àǹjọ̀nú: Tallii, Brannii, Emmii, Annii. Wọ́n á jí òkú, ó di ojú ogun!

Branwell ya máàpù fún ilẹ̀ eré wọn yìí. Inú Blackwood's Magazine ti 1826 ló ti rí àwòkọ, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò Denham àti Clapperton nílẹ̀ Áfíríkà. Clapperton yìí kan náà, Ọ̀yọ́-Ilé ló wà lóṣù kìíní ọdún yẹn!

Ìyẹn kéré. Wọ́n tún ń kọ ìwé ìròyìn tó ṣe é kà fún ọmọ ogun onígi. Ọ̀kan tí Charlotte kọ ní 1830, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju mìlímítà 35 lọ, gígùn rẹ̀ 61. Fi àtàǹpàkò rẹ wọ̀n ọ́n wò! Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé ní 4,000.

Èló ni wọ́n tà á ní Paris, oṣù kọkànlá 2019? 600,000 yúrò. Tó bá di sẹ́fà, ó lé ní mílíọ̀nù 393!

Ó tún kù. Emily àti Anne ya ilẹ̀ tiwọn sọ́tọ̀, Gondal. Ní 1845, wọ́n wọ rélùwéè lọ sí York, wọ́n sì ń ṣe bí ará Gondal lójú ọ̀nà. Emily ti fẹ́ pé ọmọ ọdún 27! Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìwé rẹ̀, Wuthering Heights, jáde.