Iye háàṣì

Iye háàṣì jẹ́ òǹkà kan tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà, èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò láti inú dátà èyíkéyìí, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tàbí odidi fíìmù. Lábẹ́ ìlànà MD5, tí Ronald Rivest gbé kalẹ̀ ní ọdún 1991, iye háàṣì ọ̀rọ̀ náà "hello" ni 5d41402abc4b2a76b9719d911017c592. Bí a bá yí lẹ́tà kan péré padà, iye mìíràn tí kò jọ èyí rárá ni yóò jáde. Kò sì sí ọ̀nà tí ó yá láti ṣírò láti inú iye padà sí dátà, àfi kí ènìyàn máa méfò.

Ìlò

Àwọn ìkànnì tí ó ń pín sọ́fítíwià máa ń kọ iye SHA-256 fáìlì wọn, tí ó jẹ́ àmì 64, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba fáìlì náà lè ṣírò tirẹ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, fáìlì náà ti bàjẹ́ tàbí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ẹni tí ó lè pààrọ̀ fáìlì lórí ìkànnì lè pààrọ̀ iye ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìkànnì tí a bójú tó dáadáa kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ ìpamọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Iye háàṣì wọn ni ó ń tọ́jú. Èyí nìkan kò tó. Ní ọdún 2012, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.5 iye SHA-1 tí a jí ní LinkedIn bọ́ sí gbangba, láìní iyọ̀. Iyọ̀ ni ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe dátà tí a ṣà láìtẹ̀lé ètò kankan, tí a fi kún ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan kí a tó ṣírò rẹ̀. Láìsí i, àwọn tí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ wọn bára mu yóò ní iye kan náà, ẹni tí ó bá sì méfò ti ẹnìkan ti mọ ti gbogbo wọn. Ìlànà bíi bcrypt, tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó falẹ̀, ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ní ọdún 2017, Google àti ilé ìwádìí CWI ní Amsterdam ṣe fáìlì PDF méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí iye SHA-1 wọn jẹ́ ọ̀kan.

Ìkọsílẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Unicode, a lè kọ "ẹ̀" gẹ́gẹ́ bí "ẹ" tí a fi àmì ohùn sí lórí, tàbí "è" tí a fi àmì sí lábẹ́. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n báìtì wọn yàtọ̀, iye háàṣì wọn sì yàtọ̀. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ọ̀rọ̀ ìpamọ́ lórí fóònù lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lórí kọ̀ǹpútà, kí ìkànnì náà má gbà á wọlé, àyàfi bí àwọn tí ó ṣe ìkànnì náà bá ti lo ìlànà NFC, tí ó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.