Lexus ES: Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ni Kí Ẹ Wò

Lexus ES wà lára àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí ojú ti mọ̀ dáadáa ní ìgboro Adó-Èkìtì. Ọ̀pọ̀ lára wọn jẹ́ tòkunbọ̀ ES 350 tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2007 sí 2012, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì onílítà 3.5. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, tó sì ti ń gùn ún bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò ní ṣàì máa bi ara rẹ̀ bóyá kí òun tà á, kí òun fi owó lé e, kí òun fi ra èyí tí wọ́n tún ṣe látìpilẹ̀ fún ọdún 2019. Ojú ọkọ̀ náà ló ń kọ́kọ́ fa ènìyàn: gíríìlì gbàgàdà, iná iwájú tó tẹ́ẹ́rẹ́, ara tó gùn tó sì balẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tó ìdí láti ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà. Ohun kan ṣoṣo tó tó ìdí nínú àtúnṣe yẹn ni ọ̀nà tí ES 300h, ìyẹn èyí tó ń lo epo àti iná pọ̀, ń gbà ṣe agbára. Ẹni tí kò bá ní ra ìyẹn, kó kúkú tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ES 350 ti 2019 fúnra rẹ̀. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, onílítà 3.5 náà ni. Agbára rẹ̀ ti kúrò ní 272 agbára ẹṣin, ó ti di 302. Gíà tó jẹ́ mẹ́fà tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́jọ. Wọ́n sì ti yí bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe so mọ́ ara ọkọ̀ padà, kó lè tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nǹkan gidi ni wọ́n, mi ò sì fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lo 302 agbára ẹṣin láti Òkèṣà dé Baṣírí? Táyà tún wà níbẹ̀. ES àtijọ́ ń lo 215/55 tó jẹ́ ínṣì 17. Ìtumọ̀ 55 yẹn ni pé gíga rọ́bà láti ilẹ̀ dé rímù jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú táyà, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 118. Ọ̀pọ̀ èyí tuntun tí wọ́n fi rímù ínṣì 18 sí ń lo 235/45, èyí tó fún rọ́bà ní mìlímítà 106. Èyí tí wọ́n ń pè ní F Sport, onírímù ínṣì 19, ń lo 235/40, mìlímítà 94 péré. Rọ́bà yẹn ló ń gba ìyà kòtò kó tó kan rímù. Bí rímù ṣe ń tóbi sí i, tí ọkọ̀ ń rẹwà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà láàárín rímù àti kòtò ń dínkù. Ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà wa lójoojúmọ́, ínṣì 17 ni kó béèrè.

Ní ti epo, EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ti wọn ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. ES 350 àtijọ́ ń rin máìlì 22 lórí gálọ́ọ̀nù kan tí a bá da ìgboro àti ọ̀nà jíjìn pọ̀. Ti 2019 ń rin 26. ES 300h ti 2019 ń rin 44. Tí a bá yí i sí ìṣirò tiwa, èkíní ń jẹ nǹkan bíi lítà 10.7 lórí 100 kìlómítà, èkejì 9, ẹ̀kẹta 5.3. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà nígbà yẹn ti kọjá 1,000 náírà kí 2024 tó parí. Ká fi 1,000 náírà ṣe ìṣirò kó lè rọrùn, ká sì sọ pé ẹnì kan ń rin 1,500 kìlómítà lóṣù. ES 350 àtijọ́ yóò jẹ nǹkan bíi 160,000 náírà, ES 350 tuntun 136,000, ES 300h 80,000. Láti V6, ìyẹn onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, sí V6, ohun tó wọlé kò ju 24,000 náírà lóṣù. Láti V6 sí 300h, ìdajì owó epo ló padà sápò.

Báwo ni irú ìyàtọ̀ báyìí ṣe ṣeé ṣe? Nínú ES 300h, ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, onílítà 2.5, ń bá ẹ̀rọ iná méjì ṣiṣẹ́. Àkójọ gíà kékeré kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: gíà kan wà láàárín, àwọn kéékèèké mélòó kan ń yí i ká, òrùka eléyín sì yí gbogbo wọn po. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé àwọn kéékèèké yípo. Ẹ̀rọ iná kìíní di gíà àárín mú. Òrùka ìta ló ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ iná kejì sì ń bá a tì í. Kọ̀ǹpútà á máa mú kí ẹ̀rọ iná kìíní yára tàbí kó falẹ̀, ìyẹn ló sì ń pinnu iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yóò yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, kò sí gíà kìíní, ìkejì, ìkẹta tó ń fò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kò sì sí bẹ́líìtì gíà tó lè jó. Ẹ̀rọ iná kìíní yẹn ló tún ń ta ẹ́ńjìnnì jí, òun náà ló ń ṣe iná. Kò sí kíìkì-sítátà tó dá dúró, kò sí ọtanétọ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé máa ń pẹ́ kó tó padé, tí díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ á fi padà síta kí pístìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyókù. Nígbà tí iná bá ran epo, ibi tí pístìnnì yóò rìn sísàlẹ̀ á gùn ju ibi tó ti fún afẹ́fẹ́ lọ, ooru tí ì bá jáde lásán á sì ṣiṣẹ́ sí i. Toyota, tó ni Lexus, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó wà nínú epo, ẹ́ńjìnnì yìí lè sọ 41 di iṣẹ́. Àléébù irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni pé kì í lágbára láti ìdúró. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ iná ti dára jù, torí pé agbára ìyípo tirẹ̀ máa ń pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìjìgbò, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀, bátìrì ńlá á máa gbé ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, éésì ò sì ní dákẹ́, torí iná ló ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ olókè sì ni Èkìtì. Nígbà tí ES 350 bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹfọ̀n Aláayè, bíréèkì á sọ agbára ìsọ̀kalẹ̀ náà di ooru, á fẹ́ lọ. Nínú 300h, ẹ̀rọ iná kejì á di jẹnẹrétọ̀, á dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sí bátìrì.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti bátìrì. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, àmọ́ ó yẹ ká mọ ohun tí a ń bẹ̀rù. Bátìrì ti 2019 wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn; ìdì 34 ni wọ́n tò pọ̀ tó fi di 244.8 fóltì. Kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kó kún tán, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ṣófo tán, ìdí tó fi ń pẹ́ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Lexus ń ṣe onídùúró fún bátìrì ọkọ̀ 2019 fún ọdún mẹ́jọ tàbí 100,000 máìlì. Láti orí ọkọ̀ 2020, ó di ọdún mẹ́wàá tàbí 150,000 máìlì. Ìwé onídùúró yẹn kò bá tòkunbọ̀ dé Adó, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń retí kí bátìrì kú lọ́dún mẹ́ta kò ní kọ irú rẹ̀. Ohun tó ń pa á ni ooru. Níbi àga ẹ̀yìn, ihò kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ lọ tu bátìrì lára, ó sì ní asẹ́ kékeré kan. Eruku ọyẹ́ máa ń dí i, ẹrù tí wọ́n kó jọ síwájú rẹ̀ náà máa ń dí i. Ẹni tó bá ń yọ asẹ́ yẹn fọ̀ lóòrèkóòrè ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó ńlá.

Àwọn kan á ní mẹkáníìkì wa kò mọ̀ ọ́n. Òtítọ́ wà ńbẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà nínú ọkọ̀ náà lè gbé ju 600 fóltì lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, rewáyà tí 12 fóltì mọ́ lára kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìkọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tuntun kọ́ ni èyí: Prius ti Toyota ti ń lo ètò gíà yìí láti 1997 ní Japan, Camry tó ń lo epo àti iná pọ̀ sì ti dé láti 2006. Ẹni tó bá mọ ti Camry ti mọ púpọ̀ nínú ti Lexus. Ilé-iṣẹ́ náà pàápàá ti yan ọ̀nà. ES tuntun tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Shanghai ní oṣù Kẹrin 2025 kò ní V6 mọ́. Èyí tí wọ́n kọ 350h sí lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì onílítà 2.5 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ṣe èyí tó ń lo iná nìkan. Èyí yẹn, pẹ̀lú bí iná BEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, ṣe rí ní Adó lónìí, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á. 300h kì í béèrè ṣọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ku àtakò kan tí mi ò lè jà. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ta ọkọ̀ yìí. 960,000 náírà tí epo yóò dá padà lọ́dún kò lè tètè san owó tí a fi kún un. Ẹni tí ES 350 rẹ̀ ṣì le koko, tí kì í rìn jìnnà, kó má pààrọ̀. Ẹni tó ti pinnu láti pààrọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kó fi 350 àti 300h ọdún kan náà wé ara, kó má sì san kọ́bọ̀ kankan kó tó so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ bátìrì. Kọ̀ǹpútà pín ìdì 34 yẹn sí ìpele 17, méjì-méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sún mọ́ 14.4 fóltì. Kí wọ́n wa ọkọ̀ náà gun òkè, kí wọ́n máa wo nọ́ńbà wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe ń lọ sókè sódò. Tí gbogbo wọn bá ń rìn pọ̀, bátìrì ṣì lókun. Tí ọ̀kan bá ń já sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù, ìdì kan ti ń kú nínú rẹ̀, tí ẹ bá sì pààrọ̀ ìyẹn nìkan, òmíràn yóò tẹ̀ lé e láìpẹ́. Owó bátìrì odindi ni kí ẹ yọ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn rárá, kí ẹ wá òmíràn.