Kí Ló Ń Mú Ènìyàn Yan Iṣẹ́ Tíṣà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé wa nígbàkúùgbà tí ọmọ bá parí ìwé mẹ́wàá. Ọmọ á ní iṣẹ́ tíṣà ni òun fẹ́ ṣe. Bàbá á ní kò jẹ́ ṣẹlẹ̀. Ìyá á ní ṣé kò rí àwọn tíṣà tí ń ra ọjà àwìn lọ́wọ́ òun ni?

A kò ní tan yín: owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Wọ́n a máa sọ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà, ṣùgbọ́n ayé ni a ti ń san owó ilé. Kí ló wá ń mú ènìyàn yàn án?

Ní ayé àwọn bàbá wa, ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tálákà ni. Ẹni tí ó parí Standard Six lè di tíṣà kékeré, kí ó sì ti ibẹ̀ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, tíṣà di ohun tí à ń wá kiri, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì wọlé. Àwọn kan fi iṣẹ́ náà ṣe àtẹ̀gùn. Ní Òkè Ọya níhìn-ín, Abubakar Tafawa Balewa kọ́ àwọn ọmọ ní Bauchi kí ó tó di Olórí Ìjọba Nàìjíríà. Àwọn mìíràn wọlé, wọn kò jáde mọ́. Alùfáà I. O. Ransome-Kuti ṣe olórí Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, N.U.T., tí a dá sílẹ̀ ní 1931.

Lónìí, àwọn ìyá kan yàn án nítorí pé ìsinmi tíṣà bá ìsinmi ọmọ wọn mu. Àwọn kan yàn án nítorí pé wọn kò rí iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ àbúrò wọn ní ìṣirò, tí inú wọn a sì dùn bí ó bá ti yé e. Ìdí ìkẹyìn yìí ni kì í tán bọ̀rọ̀. Bí owó oṣù bá pẹ́, òun ni í mú ènìyàn tún padà sí iwájú pátákó.

Nítorí náà, ẹ bi ọmọ yín ní ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kò rí ibòmíràn wọ̀ ni, ẹ má tì í síbẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jìyà rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ẹ látọkàn wá, ẹ ràn án lọ́wọ́. Ọdún 3 ni ìwé-ẹ̀rí NCE ń gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sì gbà kí tíṣà ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tàbí fún ọdún 40. Ẹ wádìí bóyá ìpínlẹ̀ tí ẹ wà ń tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará àjò gan-an. Ọmọ tí a bí síhìn-ín gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kíláàsì tí ọmọ onílé àti ọmọ àlejò jọ jókòó sí, òun gan-an ni ó yẹ níwájú rẹ̀. Bí olúkúlùkù wa bá kọ̀ fún ọmọ tirẹ̀, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wa? Ẹ rò ó wò nílé, kí a lè jọ sọ ọ́ ní ìpàdé.