KẸ̀KẸ́ TÒKUNBỌ̀ FẸ́ YỌ EYÍN MI LẸ́NU!

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ o. Mo gbé kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mi fún atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan, pé kó bá mi fọ àwọn irin eléyín tí ṣéènì ń gùn níwájú. Ó tú wọn, ó fọ̀ wọ́n, ó dì wọ́n padà, wọ́n ń dán yinrin. Àfi bí mo ṣe tẹ pẹ́dà láti gun òkè, ni ṣéènì bá yọ, ó há sáàárín irin eléyín àti apá pẹ́dà, gbàgà! Mo dojú bolẹ̀, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá kan tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí wọ́n tó bí mi ló wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, wọ́n dì í sódì ni.”

Mo ní, “Bàbá, ṣé irin róbótó náà ní iwájú àti ẹ̀yìn ni?”

Háà! Ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún ló wà lára tèmi. Ibi márùn-ún lèèyàn lè yí i sí, kó sì wọlé. Bí a bá tún dojú rẹ̀ dé, márùn-ún mìíràn. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹyọ kan ṣoṣo ló tọ̀nà.

Ìṣó kékeré kan yọrí lára irin tó tóbi jù, tó wà níta. Ẹ̀yìn apá pẹ́dà gan-an ló gbọ́dọ̀ wà, òun ni ọdẹ tí kì í jẹ́ kí ṣéènì jábọ́ sáàárín. Èmi tí mo rò pé àwọn tó rọ ọ́ ló gbàgbé ẹ síbẹ̀! Kòtò tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí lára irin ńlá yìí, ìta ló ń kọjú sí. Ojú inú ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tí ṣéènì ń gbà gòkè sí tá a bá yí jíà. Àwọn irin kékeré tó kù, gọngọ kan wà létí inú wọn lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́. Ibi tí apá pẹ́dà wà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Àwọn ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lórí Raleigh ayé ijọ́un kì í fiyè sí i, torí irin eléyín kan ṣoṣo ló ní, ó sì lẹ̀ mọ́ apá pẹ́dà. Kí ni wọ́n fẹ́ dì sódì?

Owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni Bàbá gbà. Mo padà lọ fi ìṣó náà han ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Kò bínú. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kan tó ń kiri búrẹ́dì wà níwájú rẹ̀, tó ti dì tán. Ó wò ó, ó wò mí, ó mú sípánà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.