Ta Ló Ni Ojú Náà?

Ní ọjà Pobè, ọmọ aládùúgbò mi kan ra ẹ̀wù dúdú kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta aṣọ àlòkù. Ojú ènìyàn mẹ́rin ló wà láyà ẹ̀wù náà. Wọ́n funfun bí ẹfun, wọ́n sì ya nǹkan sí wọn lójú: ọ̀kan ní ìràwọ̀, ọ̀kan ní ohun tó jọ ìyẹ́ àdán, ọ̀kan ń dán bíi fàdákà, ìkẹrin sì ní irun ẹnu bíi ti ológbò. Bàbá ọmọ náà mú ẹ̀wù náà wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé eégún òyìnbó nìyí?" Mo sọ fún un pé ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin yìí ti ń jiyàn láti ọdún pípẹ́ lórí ohun kan tó yẹ kó yé ará Sakété àti ará Pobè ju ẹnikẹ́ni lọ: bí ènìyàn bá gbé ojú kan wọ̀, ta ló ni ojú náà? Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹ̀yin náà.

KISS ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìfẹnukonu. Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1973. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ni wọ́n: Paul Stanley àti Gene Simmons tí wọ́n jọ pilẹ̀ rẹ̀, Peter Criss tó ń lu ìlù, àti Ace Frehley tó ń ta gìtá. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú orin wọn. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ọ rí, ẹ ro gìtá tí wọ́n so mọ́ iná mànàmáná títí ohùn rẹ̀ fi le, tó ń han bí irin tí wọ́n ń rẹ́. Ẹ fi ìlù tó ń ki mọ́lẹ̀ tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ẹni tó ń fi gbogbo agbára kọrin lé e lórí. Orin ijó ni, orin ọ̀dọ́ ni, kò le láti lóye.

Ojú kíkùn ló mú wọn yàtọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó síwájú dígí, ó fi ọ̀dà ya èyí tó wù ú sójú ara rẹ̀. Stanley di Ọmọ Ìràwọ̀, Simmons di Àǹjọ̀nú, Frehley di Ará Òfurufú, Criss di Ológbò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn náà dúró lé. Kò sí agbẹ́gilére kankan láàárín. Awọ ojú ọkùnrin náà ni igi, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì gbẹ́ ẹ.

Ẹlòmíì yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹbọ tàbí òògùn wà nínú rẹ̀, torí Simmons a máa tu ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, a sì máa fẹ́ iná lójú agbo. Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun jíjẹ tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀ pupa ni ẹ̀jẹ̀ náà, kẹrosíìnì ló sì ń fẹ́ sára iná. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ewu tí ojú lè rí: nígbà tó kọ́kọ́ dán an wò lójú agbo, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1973, irun orí rẹ̀ gbiná.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn irú ìran bẹ́ẹ̀ débi pé wọ́n ń jà lé e lórí? Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́ ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ẹ ti mọ ìdáhùn. Ní òru, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á kọrin, á yin ẹni tó yẹ, á sì fi ẹni tó hùwà ìtìjú láàárín ọdún ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó bá di ọ̀sán, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jáde ní méjìméjì, ère lórí, ṣaworo lẹ́sẹ̀, ọkùnrin tó fi aṣọ ṣe ọmú àti ìdí obìnrin, á máa fi ẹsẹ̀ dá ìlù lóhùn. Àwọn àgbà tó wà ní ìjókòó kì í wo ère nìkan. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí ìlù sọ, wọ́n sì ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ oníjó sọ ohun kan náà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣìnà, wọ́n á mọ̀. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, wọ́n á sì máa jiyàn lórí rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wá yọ orin nìkan kúrò nínú gbogbo èyí, kí ẹ fi í sínú rédíò. Ó ṣì dùn, àmọ́ kì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí KISS gan-an nìyẹn. Àwo mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò tà tó bí wọ́n ṣe ń retí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò ń wọ́ tẹ̀lé wọn níbi tí wọ́n bá ti ṣeré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1975, wọ́n gbé Alive! jáde, àwo tó gba ohùn eré wọn pẹ̀lú ariwo èrò lójú agbo. Ìgbà yẹn ni ọjà wọn yá, torí ẹni tó jókòó sílé lè fi etí rí ìran náà díẹ̀. Ní ọdún kan náà, ní ìlú Terre Haute ní ìpínlẹ̀ Indiana, àwọn ọ̀dọ́ kan ń yọ ilé iṣẹ́ rédíò tó kọ̀ láti gbé orin KISS sáfẹ́fẹ́ lẹ́nu. Wọ́n pe ara wọn ní Kiss Army, ọmọ ogun KISS. Orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ títí dòní nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjà ni iyàn tó kọ́kọ́ dé. KISS ta ohun gbogbo. Wọ́n ṣe bèbí tó ní ojú wọn. Ní 1977 ilé iṣẹ́ Marvel tẹ ìwé àwòrán nípa wọn, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n dà á sínú tàdáwà pupa tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Èyí, ẹ̀jẹ̀ gidi ni. Ní 2001 wọ́n tilẹ̀ ta pósí tí àwòrán KISS wà lára rẹ̀, inú irú rẹ̀ ni wọ́n sì sin Dimebag Darrell, olórin rọ́ọ̀kì kan, sí ní 2004. Àwọn olólùfẹ́ kan ní ìwọ̀ra ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan á fẹ́ fọwọ́ kàn án, á fẹ́ mú un lọ sílé. Lójú tèmi, ojú ọjà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jó, àwọn agbẹ́gilére wa sì ti gbé alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọkọ̀ òfurufú sórí ère rẹ̀. Òwò kò ba ìran jẹ́. Ṣùgbọ́n ère tí wọ́n gbẹ́ fún àlejò láti gbé kọ́ ògiri kò lè dà bí èyí tó ti jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló gbẹ́ méjèèjì, torí ọ̀kan kò tíì gbọ́ ìlù rí.

Ti orin fúnra rẹ̀ kò gba àkókò púpọ̀. Ní 1979, nígbà tí ijó dísíkò gba gbogbo ayé, KISS ṣe orin kan tó ní ìlù dísíkò nínú. Ó tà jákèjádò ayé, àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ sì bínú pé wọ́n ti sọ ilé nù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa àwo ọdún yẹn, Dynasty, ni pé ojú Criss wà lára páálí rẹ̀, àmọ́ orin kan ṣoṣo ló lu ìlù sí níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Anton Fig ló lu ìyókù, wọn kò sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ojú ẹnì kan, ọwọ́ ẹlòmíì. Ẹ rí i pé a ti ń sún mọ́ ìbéèrè wa.

Criss fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1980. Eric Carr tó rọ́pò rẹ̀ kò gbé ojú Ológbò wọ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n ṣe é, ojú tuntun fún ẹni tuntun. Nígbà tí Frehley náà lọ ní 1982, Vinnie Vincent tó bọ́ sí ipò rẹ̀ ya àmì ìyè àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ sí iwájú orí. Nítorí náà, ní ìgbà yẹn, KISS fúnra rẹ̀ gbà pé ẹni tó bá lọ á gbé ojú rẹ̀ lọ. Ní 1983 gbogbo wọn fọ ojú wọn nù, wọ́n jáde bí wọ́n ṣe rí lórí tẹlifísàn. Carr kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1991. Ní 1996 àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ padà, wọ́n kun ojú bíi tàtijọ́, èrò sì ya dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Frehley tún lọ ní 2002. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ni Tommy Thayer, ọkùnrin tó ti ń bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tó tilẹ̀ bá Frehley rántí bó ṣe ń ta gìtá àwọn orin àtijọ́ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ padà. Wọn kò wá ojú tuntun fún un. Ojú Ará Òfurufú ni wọ́n kùn fún un, bí Frehley ṣe ya á. Eric Singer tó ń lu ìlù ní ipò Criss náà gbé ojú Ológbò wọ̀. Láti ìgbà yẹn ni olólùfẹ́ KISS méjì kò ti lè jókòó pọ̀ pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà má jáde.

Ohun tí Stanley àti Simmons ń sọ ni pé KISS ju ẹnikẹ́ni lọ, pé ó lè máa lọ bí àwọn pàápàá kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lè bi mí pé, kí ló burú nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣebí bó ṣe rí nílé wa náà nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ bẹ́ẹ̀. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń lo oníjó gbó. Tí ọ̀dà rẹ̀ bá ṣí, wọ́n á tún un kùn, ọmọ mìíràn á sì gbé e sórí. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní 2001, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008, àwùjọ tó wà ní Benin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n kọ ọ́ fún. Oníjó kankan kò sí níbẹ̀. Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou náà, tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní 1968, kò parẹ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kú ní 2012.

Àmọ́ ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Orí ni ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jókòó lé, bíi fìlà. Ojú oníjó wà lábẹ́ aṣọ, kì í sì í ṣe àṣírí bíi ti eégún. Gbogbo ìlú mọ ọmọ ẹni tó ń jó, ìyá rẹ̀ sì lè wà láàárín èrò tó ń pàtẹ́wọ́. Nítorí náà ìyìn méjì ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í dí ara wọn lọ́wọ́: ẹgbẹ́ ló ni ère, oníjó ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Poly-Rythmo kò sì fi ojú Mélomé bo ẹlòmíì lójú. Ní ti KISS, ojú àti ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lórí awọ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e fún Thayer, ẹni tó jókòó lókèèrè kò lè mọ̀ pé ènìyàn ti yí padà. Ìyìn méjì ti di ẹyọ kan, ẹlòmíì ló sì ń gbà á. Ohun tó ń dun àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ nìyẹn, mo sì gbà pé ó tó nǹkan tí í dunni.

Mi ò bá wọn bú Thayer. Ó mọ gìtá ta, ó sì pé ogún ọdún tó fi ń gba èébú tí kò tọ́ sí i. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni mo lérò pé wọ́n ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí wọ́n bá ti fún un ní ojú tirẹ̀, bí wọ́n ti fún Carr ní Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìdajì ìjà yìí kì bá tí bẹ̀rẹ̀. Ní 2014 pàápàá, nígbà tí wọ́n gba KISS sínú Rock and Roll Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn olórin rọ́ọ̀kì, àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n gbà wọlé. Wọn kò sì rí orin kankan kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, torí wọn kò fẹnu kò lórí ẹni tí yóò gun orí ìtàgé.

Wọ́n ṣe eré ìkẹyìn wọn ní New York ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2023. Bó ṣe ń parí, àwòrán tí kọ̀ǹpútà ṣe, tó ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, yọ sí àwọn èrò, wọ́n sì kéde pé òun ni yóò máa ṣeré lọ. Ní 2024 wọ́n ta orin, orúkọ àti àwòrán wọn fún ilé iṣẹ́ Pophouse ní Sweden. Ace Frehley kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ará Òfurufú kò kú pẹ̀lú rẹ̀.

Mo gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. End of the Road ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ ìrìn àjò ìkẹyìn wọn. Mo sọ fún ọmọ náà pé, nígbà tó rí bẹ́ẹ̀, Thayer ni Ará Òfurufú tó wà láyà rẹ̀ yìí, kì í ṣe Frehley. Ó fa ẹ̀wù náà síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní, "Bàbá, ojú kan náà ṣáà ni."