Ọkọ̀ Tí Ó Hó ní Orè

Ẹni tí ó bá ti ti Èkó lọ sí Ìbíní mọ Orè, ní ilẹ̀ Òdìgbó, níbi tí ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé ọ̀nà ńlá náà. Àwa pẹ̀lú ti jókòó níbẹ̀ rí láti òwúrọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tí a wọ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Agbọ̀n tòmátì ni ó kó, tòmátì kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ọkọ̀ bu omi wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tún hó. Ní ìgbà kejì, díẹ̀ ni ó kù kí ojú rẹ̀ bó. Omi inú rédíétọ̀, nítorí ìdérí tí ó há a mọ́, a máa gbóná kọjá ìwọ̀n 100 láìhó. Bí a bá ṣí i lójijì, gbogbo rẹ̀ a ru jáde. Omi tútù tí a sì dà sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè là á.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan dé. “Ẹ jẹ́ kí ó tutù ná,” ni ó wí. Ó wo bẹ́líìtì tí ń yí fáànù, kò dẹ̀. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ìnáwó sì dé. Ti wa dúdú dáadáa. Nígbà náà ni ó ní kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣí, ó sì fọwọ́ kan rọ́bà òkè àti ti ìsàlẹ̀: ti òkè gbóná, ti ìsàlẹ̀ tutù. Omi kò rìn!

Ó tú tẹ́mósítàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tí ó yẹ kí ó ṣí nígbà tí omi bá gbóná, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò omi híhó ti ìyá olóúnjẹ kan. Kò ṣí rárá.

Awakọ̀ ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ nù, kí a máa lọ.” Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwa kò sì fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1893 kò ní iná tí ń tan epo. Afẹ́fẹ́ tí ó fún pọ̀ títí ó fi gbóná ni ń ràn án. Bí ó bá tutù jù, epo kì í jó tán, èéfín a pọ̀, irin inú rẹ̀ a sì tètè jẹ. A bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi ra òmíràn nínú ìlú.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ Ìbíní. Ìdajì tòmátì náà ti ṣomi.